DAC olówó gọbọi: bí a ṣe lè fi etí ara wa dán an wò ká tó náwó

Nígbà tí a wálé sí Ṣábẹ̀ fún ìsinmi, ọ̀gá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ránṣẹ́ pè wá. Bá a ṣe jókòó báyìí, ó gbé ìwé ìpolówó ọjà kan lé wa lọ́wọ́. Àwòrán àpótí dúdú kan ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta fráǹkì sẹ́fà. Ọ̀gá ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ń tà á ní Kútọnu sọ pé bí mo bá ra èyí, àfi bíi pé Hárúnà Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ mi. Ó sì ti pẹ́ tí orin rẹ̀ ò ti dùn létí mi bíi tàtijọ́. Ṣé kí n rà á?"

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á. Ìyẹn ni ò jẹ́ ká lè kàn dáhùn pé "ẹ rà á" tàbí "ẹ má rà á". Ohun tá a ṣàlàyé fún ọ̀gá, àti bá a ṣe dán ẹ̀rọ wò nínú pálọ̀ rẹ̀, la kọ síbí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tí wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ bá àwọn ra irú ẹ̀rọ báyìí bọ̀.

Kí ni DAC?

DAC ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní convertisseur numérique-analogique. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Orin tó wà nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà tàbí lórí CD kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà lásán ni. Baffle ò sì mọ nọ́ńbà kà. Iná tó ń lọ sókè sódò nìkan ló lè mú un mì. DAC ló ń ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn, tó ń sọ wọ́n di iná kékeré. Ampli á wá sọ iná kékeré yẹn di ńlá fún baffle.

Torí náà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orin lórí fóònù tí kò ti ní DAC. Ó wà nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nínú baffle Bluetooth náà, kódà bẹ́ ẹ bá fi Bluetooth gbọ́ orin, DAC inú baffle yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti fóònù yín. Ohun tí wọ́n wá ń tà lọ́tọ̀ ni DAC tó dá wà nínú àpótí tirẹ̀.

Ní 1982 ni Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti ilẹ̀ Japan gbé CD wọ ọjà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn á wọn ìró náà ní ìgbà 44,100, àti pé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ọ̀kan nínú ipele 65,536. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 16 bit. Kí ló dé tó jẹ́ 44,100? Etí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá máa ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 hertz dé 20,000 hertz. Claude Shannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sì fi ìṣirò hàn ní 1949 pé bá a bá wọn ìró ju ìlọ́po méjì hertz tó ga jù nínú rẹ̀ lọ, a lè tún un ṣe padà láìku ohunkóhun. Àwọn tó ń tajà máa ń yàwòrán àtẹ̀gùn, wọ́n á ní ìró CD rí gbágungbàgun, pé DAC olówó gọbọi ló ń dán an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo DAC tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ló ń mú ìró jáde geere, láìsí àtẹ̀gùn kankan.

16 bit yẹn náà tó ó lò. Ó fi nǹkan bíi 96 décibel sáàárín ìró tó kéré jù àti èyí tó pariwo jù. Pálọ̀ tó dákẹ́ lóru, tí fáànù ń yí jẹ́jẹ́, ti ní ariwo tirẹ̀ tó tó 30 sí 40 décibel. Kí ìró tó kéré jù lórí CD tó lè borí ariwo yẹn, èyí tó pariwo jù gbọ́dọ̀ sún mọ́ 130 décibel, ìyẹn sì ń dun etí, ó sì lè bà á jẹ́.

Kí lowó ń rà?

DAC tó kéré jù ni adaptateur tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ihò USB-C fóònù tí kò ní ihò casque. Irú èyí tí Apple ń tà kò ju nǹkan bí euro 10 lọ. Euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, torí náà ó jẹ́ nǹkan bí 6,560 sẹ́fà. Àpótí kéékèèké tí àwọn ará Ṣáínà bíi Topping àti SMSL ń ṣe wà láàárín euro 100 sí 200, ìyẹn nǹkan bí 65,600 sí 131,000 sẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn la wọ ọjà àwọn ọlọ́lá. Ẹ̀rọ DAVE tí Chord Electronics ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2015 bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 8,000 pọ́n-ùn. Àwọn dCS wà ní Cambridge, àwọn totaldac wà ní Faransé. Ẹ̀rọ Select ti MSB ní Amẹ́ríkà sì kọjá 80,000 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ilé wa wò ó. Láti oṣù January 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí, tí à ń pè ní SMIG, jẹ́ 52,000 sẹ́fà. DAC tó bá jẹ́ euro 10,000 jẹ́ 6,559,570 sẹ́fà. Ìyẹn ni owó oṣù 126, ju ọdún mẹ́wàá lọ, láìjẹ láìmu.

Kí ló wá wà nínú rẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ kan, bíi Chord, dCS àti MSB, ń ṣe ọgbọ́n tiwọn. Ọ̀pọ̀ yòókù ń ra ṣíìpù lọ́wọ́ ESS ti Amẹ́ríkà tàbí AKM ti Japan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ AKM ní Nobeoka jóná ní oṣù October 2020, àtẹni tó ń ta DAC olówó pọ́ọ́kú àtẹni tó ń ta ti olówó gọbọi ló kígbe, torí inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń mú ọjà. Ohun tó kù tó ń gbówó lórí ni irin tó nípọn, ẹ̀rọ iná tó tóbi, èrè ọlọ́jà, iye kékeré tí wọ́n ń ṣe lọ́dún àti orúkọ. Irin tó nípọn dára o. Ṣùgbọ́n a kì í fi etí gbọ́ irin.

Ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń sọ

Ìwọ̀n mẹ́rin ló ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí, ìyẹn ariwo àti àbùkù tí DAC ń fi kún orin. Wọ́n ń pè é ní SINAD. Bó bá jẹ́ 100 décibel, ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìdọ̀tí yẹn kéré ju orin lọ ní ìlọ́po 100,000. Ọ̀pọ̀ àpótí tí kò tó 100,000 sẹ́fà ló ti kọjá 110 lónìí.

Èkejì ni bóyá ó ń gbé ìró kékeré, ìró àárín àti ìró òkè jáde lọ́gbọọgba. DAC tó dára kì í yẹ̀ láti 20 dé 20,000 hertz. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ àlẹ̀mọ́ òǹkà kúrò nínú wọn; ìró òkè wọn máa ń dín tó décibel 3 ní 20,000 hertz. Àwọn èèyàn kan fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó tutù. Kò burú, ṣùgbọ́n adùn lèyí, kì í ṣe òótọ́ orin náà.

Ẹ̀kẹta ni jitter, ìyẹn bí aago inú DAC ṣe ń gbọ̀n. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Japan ní 2005 fi hàn pé kí etí tó ti mọṣẹ́ dunjú tó lè mọ̀ ọ́n nínú orin, aago náà gbọ́dọ̀ ṣì tó ọgọ́rùn-ún nanoseconde lọ́nà mélòó kan. Ti DAC òde òní kì í sábà tó ẹyọ nanoseconde kan.

Ẹ̀kẹrin ni iye volt tó ń tú jáde. Lẹ́nu RCA, volt 2 ló wọ́pọ̀. Lẹ́nu XLR, volt 4. Ìwọ̀n yìí gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jù, ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ìdí tí etí fi ń tàn wá

Bí orin kan náà bá dún lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì fi díẹ̀ pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, a kì í sọ pé "ó pariwo". A máa ń sọ pé "ó dùn jù, ó mọ́ jù". Láti volt 2 sí volt 4 jẹ́ décibel 6. Bí ọlọ́jà bá so DAC tálákà mọ́ RCA, tó so ti olówó mọ́ XLR, tí kò sì fọwọ́ kan fọ́lúùmù, ó ti jàre kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni ojú. Ẹni tó bá ti rí iye owó ti fi ọkàn gbọ́ kó tó fi etí gbọ́. Àwa olùkọ́ mọ èyí dáadáa. Bá a bá ń máàkì ìdánwò BEPC, ṣebí a máa ń bo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀? Kì í ṣe pé olè ni àwọn olùkọ́. Ẹni tó mọ̀ pé ìwé ọmọ ọ̀rẹ́ òun lòun ń máàkì, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ láìmọ̀.

Ní 2007, Meyer àti Moran gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, Audio Engineering Society. Wọ́n mú orin tí ìwọ̀n rẹ̀ ga ju ti CD lọ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ gbọ́ ọ bó ṣe wà, wọ́n tún gbà á gba inú ẹ̀rọ tó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí ìwọ̀n CD, láìsọ èwo lèwo. Nínú ìgbìyànjú 554, àwọn olùgbọ́ gbà á ní ìdá 49.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá sọ owó ẹyọ sókè náà á gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ní 2016, Joshua Reiss kó ìwádìí 18 jọ, tó ní ìgbìyànjú tó lé ní 12,500. Ó rí 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ga díẹ̀ sí i fún àwọn tí wọ́n ti kọ́ etí wọn. Torí náà a ò ní sọ pé ìyàtọ̀ ò sí rárá. Ohun tá a ń sọ ni pé tín-ín-rín ni, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé "ọ̀sán àti òru ni wọ́n" ń tajà ni.

Bí a ṣe ń dán an wò nílé

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ò nílò ilé ìwádìí. Ẹ̀rọ méjì, ẹnì kan tó ní sùúrù, aṣọ kan àti multimètre àwọn oníṣẹ́ iná ti tó.

1. Ẹ mú ìró wọn dọ́gba. Ẹ fi ìró 100 hertz sí i, ẹ fi multimètre wọn volt AC níbi tí okùn baffle ti jáde lára ampli, ẹ ṣọ́ra kí okùn méjèèjì má kan ara wọn. Ẹ kọ iye DAC àkọ́kọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ yí fọ́lúùmù èkejì títí ó fi bá a dọ́gba. Ìyàtọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí tá a fi mú 100 hertz ni pé torí iná ilé tó jẹ́ 50 hertz ni wọ́n ṣe multimètre olówó pọ́ọ́kú. Bí ìró bá ti ga jù, irọ́ ló máa pa.

2. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Ẹni tó ń yí i padà ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀. Owó ẹyọ ni kó máa sọ sókè kó fi mọ èyí tó máa fi sí i.

3. Ẹ má gbọ́ orin pẹ́. Etí kì í rántí ìró ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20, ibì kan náà nínú orin kan náà, kẹ́ ẹ yí i padà kíá.

4. Ẹ ṣe é ní ìgbà 16. Kí oníkálùkù kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ láìbá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gba 8 kò gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣeé ṣe kó gbọ́ nǹkan lóòótọ́, torí oríire lásán kì í mú irú ìyẹn wá ju ìgbà 4 lọ nínú 100.

Irú orin wo la máa lò? Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Yúróòpù ṣe àwo kan ní 1988 fún irú iṣẹ́ yìí, SQAM lorúkọ rẹ̀. Ohùn èèyàn wà níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì, pẹ̀lú oríṣiríṣi ohun èlò orin. Yorùbá ò sí níbẹ̀. Torí náà a ṣe tiwa: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, dùndún, àti ohùn obìnrin kan tó ń ka ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì: òsì àti òṣì, sá àti ṣá.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí Yorùbá fi ń yàtọ̀ wà ní nǹkan bí 80 sí 300 hertz, kódà rédíò tó ti gbó ń gbé e. Àmọ́ s àti ṣ ń gbé lókè. Agbára ṣ ti ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 sí 3,000 hertz, ti s wà láti nǹkan bí 4,000 lọ sókè. Tẹlifóònù onírin àtijọ́ ò gbé ju 3,400 hertz lọ, ìdí nìyẹn tí "s" àti "ṣ" fi máa ń jọra lórí rẹ̀. Torí náà, ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ òsì àti òṣì, níbì kan láàárín ẹ̀rọ àti ọpọlọ rẹ̀, ìró òkè ti sọnù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ ọ̀gá

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Párákú tó fẹ́ràn orin yá wa ní DAC rẹ̀, tó rà ju mílíọ̀nù kan lọ. A fi adaptateur kékeré ti fóònù dojú kọ ọ́. Kí a tó bò wọ́n, gbogbo wa la ní ti olówó dùn jù, àwa tí à ń kọ èyí náà sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tá a mú ìró dọ́gba tá a sì fi aṣọ bò wọ́n, ìwé ìdáhùn wa dà bí ìwé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà á tó 12.

Ìgbà tó kan òsì àti òṣì la wá gbọ́ ohun tí a ò retí. Ọmọ-ọmọ ọ̀gá, ọmọ ọdún 12, gba gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀gá ò gba ọ̀kankan, àtorí ti olówó àtorí ti tálákà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé etí mi ni?" A ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà etí."

Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ìró òkè ló kọ́kọ́ ń lọ lára etí gbogbo wa. Presbyacousie làwọn dókítà ń pè é. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ti lé ní ogójì ọdún ò gbọ́ 17,000 hertz mọ́. Kì í ṣe àìsàn ìtìjú, kì í sì í ṣe ohun tí DAC lè wò sàn, iye yòówù kó jẹ́.

Ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí yín wò, pàápàá bẹ́ ẹ bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí bí àwọn ará ilé bá ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n yín ń pariwo jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo fáìlì orin. Orin tí wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n sì tún fún pọ̀ kí ó tó dé orí WhatsApp ò ní ohun tí DAC máa yọ jáde mọ́. Orin Poly-Rythmo ti Kútọnu tí Analog Africa ti Jámánì tún gbé jáde ní 2008 àti 2009 dùn torí pé wọ́n wá ojúlówó rẹ̀ rí, tí wọ́n sì fara balẹ̀ fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni iná. Bí baffle bá ń kùn hùùù, òǹtẹ̀ iná 50 hertz ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ multiprise kan náà, kẹ́ ẹ yọ chargeur lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lo bátìrì. Bí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mọ ibi tó ti wá láìná kọ́bọ̀. Bí iná ilé yín bá ń lọ sókè sódò, régulateur tó dára á dáàbò bo gbogbo ẹ̀rọ yín.

Ẹ̀kẹrin ni baffle àti yàrá. Pálọ̀ wa kún fún sìmẹ́ńtì àti carreau, ohùn máa ń ta padà níbẹ̀. Ẹní, kọ́tìnnì tó nípọn àti àga aláṣọ ń yí ìró padà ju DAC kankan lọ, gbogbo ilé ló sì máa gbọ́ ọ.

DAC ló wá kẹ́yìn. Ó yẹ kẹ́ ẹ ra á bí fóònù yín ò bá ní ihò casque, bí ti kọ̀ǹpútà bá ń hó ṣìì nínú casque, tàbí bí agbára rẹ̀ kò bá tó casque yín. Èyí tí kò tó 100,000 sẹ́fà á ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá lówó tó sì fẹ́ àpótí tó rẹwà, kó rà á torí ẹwà rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n kó má fi owó ìfẹ̀yìntì ra ohun tí etí rẹ̀ ò lè jẹ́rìí sí lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀gá ò ra àpótí náà. Ó lọ rí dókítà etí, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń fi sétí. Nígbà tá a tún padà sí Ṣábẹ̀, orin Hárúnà Ìṣọ̀lá ló ń dún láti inú adaptateur euro mẹ́wàá yẹn. Ọ̀gá na ìka sókè, ó ní: "Ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn? Mo ti rò pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú orin náà ni."